Ẹ Béèrè Owó Iná Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé: Ìkìlọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Gbé Ìta Ọgbà

Lọ́dọọdún, bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ti ń múra àtiwọlé, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀lé ẹ́jẹ́ǹtì káàkiri Lagere, Asherifa, Damico àti Parakin ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí Àgbowó n'Ìbàdàn, tàbí Under-G l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tàbí Tanke n'Ílọrin. Ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Èló ni fún ọdún kan?" Bí wọ́n bá ti gbọ́ iye, tí àwọn òbí sì ti fi owó ránṣẹ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n á gbé ibùsùn wọlé, wọ́n á gbà pé ọ̀rọ̀ ilé ti parí. Kò parí rárá. Owó ilé wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló mọ̀ nípa rẹ̀, gbogbo ẹbí ló sì jọ wá a. Owó tó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di onígbèsè láàárín sáà ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́jọ́ náà: owó iná, owó omi, owó ọdẹ, owó kíkó ṣálángá, owó gáàsì, owó dátà, owó ọkọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ fún yín nìyí, ẹ̀yin ọmọ wa: ẹ má ṣe sanwó yàrá kankan tí ẹ ò bá tíì mọ iye tí yàrá náà yóò máa gbà lọ́wọ́ yín lóṣooṣù.

Ẹ̀gbọ́n tó gbé inú yàrá yẹn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lè sọ fún yín pé iná ò wọ́n níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ti ìgbà tirẹ̀ ni. Láti 29 May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kò sí ohun tí ọkọ̀ ń gbé tí kò gbówó lórí. Ní 3 April 2024, NERC, àjọ tó ń ṣe àkóso iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A kúrò ní nǹkan bí ₦68 lórí yúnìtì kan, ó di ₦225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì di ₦209.50 ní July ọdún náà. Band A ni àdúgbò tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí, ó kéré tán, lójúmọ́. Band B, wákàtí mẹ́rìndínlógún. Band C, méjìlá. Band D, mẹ́jọ. Band E, mẹ́rin. Kì í ṣe ilé ló ń mú Band, wáyà tó ń gbé iná wọ àdúgbò ni. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì tó kọjú síra ní òpópónà kan náà fi lè máa san iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. NERC sì ti fa àkóso iná lé àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan lọ́wọ́, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn wà lára wọn, nítorí náà ẹ béèrè iye tó wà lóde ní àdúgbò tí ẹ fẹ́ gbé gan-an. Ẹ má fi ti àdúgbò ìyá yín wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò yìí, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò dáadáa nínú kíláàsì ò ṣe é nílé rí. Ohun èlò tó ń jẹ wáàtì 1,000, bí ẹ bá tàn án fún wákàtí kan gbáko, ó ti jẹ yúnìtì kan. Hot plate olójú kan, nǹkan bí wáàtì 1,000 náà ló sábà máa ń jẹ. Fáànù kò sábà ju nǹkan bí wáàtì 60 lọ. Bó bá fẹ́ yín láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ dé aago méje òwúrọ̀, kò tíì jẹ ju ìdajì yúnìtì àti díẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹ̀wà tí ẹ gbé ka hot plate fún wákàtí méjì ti jẹ iná ju fáànù òru mẹ́ta lọ. Ẹ fi VAT, ìyẹn ₦7.50 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, lé ₦209.50 yẹn, yúnìtì kan ti di nǹkan bí ₦225. Iná tí ẹ fi se ẹ̀wà nìkan ti gba ₦450, a ò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀wà fúnra rẹ̀, epo àti àlùbọ́sà. Áyọ́ọ̀nù àti irin tí ẹ ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi gbóná omi ìwẹ̀, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú hot plate. Bí ó bá jẹ́ Band A lẹ wà, ẹ fi iná tan gílóòbù, fáànù, fóònù àti kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wá nǹkan mìíràn dáná.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan lélẹ̀ fún ilé, ẹ ní kí wọ́n fi mítà hàn yín. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ra iná ₦1,000 sí i lójú onílé tàbí ẹni tó ń bá a mójú tó ilé, kí ẹ wá ka ohun tó jáde lórí fóònù yín wò fínnífínní. Ní Band A, bí iye tí a fi ṣírò lókè bá ṣì wà lóde, ₦1,000 yẹ kó fún yín ní nǹkan bí yúnìtì mẹ́rin àti ààbọ̀. Bí yúnìtì tó wọlé bá kéré jìnnà sí ohun tó yẹ ní Band tí wọ́n pè é, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti yọ gbèsè kúrò. Ayálégbé tó ti kó lọ lè ti jẹ ilé-iṣẹ́ iná lówó rẹpẹtẹ, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ẹnikẹ́ni tó bá ń ra iná sí mítà náà. Ọmọ tí kò mọ̀dí á máa rò pé iná àdúgbò yẹn ló ń sáré. Ẹ wo ohun kejì náà: nọ́ńbà ogún tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú mítà, kí ẹ rí i pé ó gbà á. Títí di 24 November 2024 ni wọ́n fún gbogbo mítà olówó-àsansílẹ̀ láti yí padà sí ètò tuntun, àwọn tó sì wà ní yàrá tí ẹnikẹ́ni ò gbé nígbà náà lè má tíì yí padà títí di òní. Irú mítà bẹ́ẹ̀ kì í gba iná mọ́ àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà méjì mìíràn, ogún-ogún, tí ilé-iṣẹ́ iná máa fún yín. Onílé ló yẹ kó parí èyí kí ẹ tó wọlé.

Ọ̀pọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní mítà fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Mítà kan ló wà níwájú ilé, onílé á wá so mítà kéékèèké mọ́ ẹnu ọ̀nà kálukú, òun ni yóò máa ta iná fún wọn. Ẹ bi í léèrè iye tó ń ta yúnìtì kan, kí ẹ fi wé iye tí ilé-iṣẹ́ iná ń tà á. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kí ó sọ ohun tí ìyàtọ̀ náà wà fún: ṣé iná ẹ̀rọ omi ni, àbí ti gílóòbù ọ̀ọ̀dẹ̀? Onílé tó ní òótọ́ inú á sọ ọ́, inú á sì dùn pé ẹ béèrè. Bí ó bá bínú, ìdáhùn yín nìyẹn. Ilé tí kò ní mítà rárá, tí wọ́n ń mú bíìlì àfojúdá wá fún, ẹ yẹra fún un bí ẹ bá rọ́gbọ́n ẹ̀ dá. NERC ti fi òté lé iye tí ilé-iṣẹ́ iná lè bu fún ẹni tí kò ní mítà láti 2020, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbẹ́jọ́ lọ kí ẹ sì tó gbẹ́jọ́ bọ̀, ìdánwò ti dé.

Gbígbé pọ̀ ni ọ̀nà tó dára jù láti fi dín owó kù, òun náà ló sì ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ jù. Ẹni mẹ́rin gbé ilé kan. Ọ̀kan ń se oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọ̀kan ń ra oúnjẹ jẹ níta, ọ̀kan ń lọ sílé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀kan sì gba ọ̀rẹ́ sọ́dọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Iná tán láàjìn òru, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, torí kálukú gbà pé òun kọ́ ló lò ó tán. Irú ìjà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà burúkú. Àìsọ̀rọ̀ síwájú ni. Ọjọ́ tí ẹ bá kó wọlé, kí ara tó tutù, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ iye tí kálukú yóò máa dá ní ọjọ́ kìíní oṣù fún iná, omi àti ìdọ̀tí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí owó yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì máa fi ohun tó rà hàn gbogbo yín. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò tó bá sùn kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó gbà á lálejò ni yóò san ìpín tirẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé ẹ ń fura síra yín, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọmọ tí òbí rẹ̀ ò ní lọ́wọ́, tí ojú ń tì láti sọ pé òun ló máa ń ra iná ní gbogbo ìgbà. Òun ni ìwé yẹn ń gbèjà.

Lórí àdéhùn ilé fúnra rẹ̀, ohun mẹ́ta máa ń gorí owó ilé: owó ẹ́jẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì, àti owó kọ́ṣọ̀n tó yẹ kí wọ́n dá padà fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde bí ẹ ò bá ba nǹkan jẹ́. Ẹ má san ìkankan nínú wọn sí àpò ẹ́jẹ́ǹtì tí kò fi ojú yín kan onílé. Àwọn oníjìbìtì ń fi yàrá kan ṣoṣo gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní àsìkò ìwọlé, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń kánjú. Òfin ilé gbígbà ti ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011, kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì pàṣẹ pé kí ó fún un ní rìsíìtì. Bí ó bá gba owó ìtọ́jú ilé, ó gbọ́dọ̀ máa ro ìṣirò rẹ̀ fún ayálégbé, ó pẹ́ tán, ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Òfin náà ò kan ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ní fún akẹ́kọ̀ọ́, kò sì kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní òfin tiwọn. Ní ibi yòówù kí ẹ wà, rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí yín.

Ohun kan wà tí àwọn tó wọlé lẹ́yìn 2022 ò mọ̀ lára. Ní 14 February ọdún náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọn ò sì dá a dúró títí di 14 October. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni yàrá wà ní títì pa, owó ilé sì ń jẹ lọ, torí ọdún ni wọ́n san. Ẹlòmíràn padà dé tí ọdún ilé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé láìjẹ́ pé ó gbé inú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Kò sí ẹni tó lè dá ìyanṣẹ́lódì dúró nítorí owó ilé, ṣùgbọ́n ẹ lè bá onílé sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó: ṣé yóò gba oṣù mẹ́fà-mẹ́fà? Ìgbà wo gan-an ni ọdún ilé bẹ̀rẹ̀, ṣé ọjọ́ tí ẹ sanwó ni, àbí ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé? Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ọdẹ àti owó ìdọ̀tí oṣù tí ẹ ò sí nílé? Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ wọ inú àgírímẹ́ǹtì.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ilé ìdáná. Gáàsì dára ju hot plate lọ fún ẹni tó wà ní Band A, ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé sílíńdà fún ọmọ tó ń ta gáàsì kí ẹ sì tẹjú mọ́ fóònù. Wọ́n kọ ìwọ̀n sílíńdà òfìfo sí ara irin rẹ̀ lápá òkè, lẹ́bàá ibi tí ẹ ń fọwọ́ mú. Ẹ kà á. Nígbà tí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ tán, ohun tí ẹ ó rí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n irin náà pẹ̀lú kílò tí ẹ sanwó fún. Bí sílíńdà bá wọn kílò mẹ́fà lófìfo tí ẹ sì ra kílò mẹ́ta, mẹ́sàn-án ni kí ẹ rí. Tí kò bá pé, ẹ ní kí wọ́n rọ ọ́ sí i lójú yín. Bí ẹ bá délé, ẹ fi ìfófó ọṣẹ sí ẹnu rọ́bà náà kí ẹ wò ó bóyá ó ń hó. Ẹ má ṣe fi iná ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò láé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ kí wọ́n má baà jí i gbé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide nínú, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ẹni tó bá sì ti sùn lọ kì í mọ̀ pé òun ń fà á símú títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tàbí kí ẹ pa á kí ẹ sùn nínú ooru. Kò sí ìdánwò ọ̀la tó tó ẹ̀mí.

Oúnjẹ: ẹ jọ rà á ní ọjà, ní kóńgò, ẹ má rà á ní agolo-agolo lẹ́nu géètì. Dátà: NCC, àjọ tó ń ṣe àkóso ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì kún owó wọn ní January 2025, torí náà ẹ wa fídíò àti ìwé tó wúwo jáde níbi tí Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ bá ti dé. Ẹ dín owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ oní-POS kù pẹ̀lú. Ẹ gba ohun tí ẹ nílò lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹ̀rọ báńkì tiyín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó yíyá orí fóònù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ dáadáa ti ń há sí. Iná tán, oúnjẹ tán, ojú ń tì yín láti tún pe ilé. Áàpù kan wà lórí fóònù tó ní òun á yá yín ní ₦10,000 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsí onídùúró. Ká ní ₦7,500 ló wọ àpò yín torí wọ́n ti yọ èlé sílẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ ₦10,000 wọn lọ́jọ́ keje. Ìdá mẹ́ta ohun tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ lẹ ti fi san èlé ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọjọ́ keje bá pé tí kò sí owó, ẹ ó lọ yá ti áàpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè á máa bí gbèsè. Nígbà tí ẹ sì ń gba áàpù náà, ó béèrè pé ṣé kí òun wo nọ́ńbà gbogbo tó wà lórí fóònù yín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀tẹ́ ránṣẹ́ sí: olùkọ́, àlùfáà, àbúrò ìyá, pé olè ni yín. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí wọ́n ṣe ní 2023 lòdì sí i, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, sì ní orúkọ àwọn ayánilówó tó fọwọ́ sí tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìtìjú ti dé kí òfin tó dé. Ẹ pe ilé. Bí ilé ò bá ní, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ kan, tàbí aláṣẹ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ìjọ àti mọ́ṣáláṣí yín. Àwọn tí wọ́n sì ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù pé yóò di ìlọ́po, owó náà kì í padà wálé, ẹ jáwọ́.

Owó yíyá tó yàtọ̀ ni ti NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ní 3 April 2024, ọjọ́ kan náà tí owó iná Band A fò sókè, ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin rẹ̀. Kò ní èlé, owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó bá sì béèrè owó ìgbọ́bùkátà ń gba ₦20,000 lóṣù. Gbèsè ni, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ₦20,000 náà bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ yọ ti iná àti ti oúnjẹ sọ́tọ̀, kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà láyé.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹ bá ń fi owó sáà kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ gbìyànjú kí ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ béèrè pé èló ni iná jẹ lóṣù tó kọjá, kì í ṣe pé "ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ọmọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìyẹn. Bí ọmọ bá sì pè pé owó tán, ẹ má kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n jágbe mọ́ lẹ́ẹ̀kan, áàpù ni yóò bá sọ̀rọ̀ nígbà kejì.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá kó wọlé, ẹ fi fóònù ya àwòrán ògiri, ilẹ̀kùn, ilé ìwẹ̀ àti ojú mítà. Bí ẹ bá fẹ́ kó jáde, ẹ kọ lẹ́tà fún onílé ṣáájú bí àgírímẹ́ǹtì bá ṣe sọ, ẹ tún ya àwòrán àwọn ibi kan náà, kí ẹ sì gba owó kọ́ṣọ̀n yín ní ojúkojú lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sílé.